Ojú Òsì Ládòkun

Tẹlifíṣọ̀n náà wà lára ẹrù tòkunbọ̀ tí Waheedat kó wá láti Èkó lẹ́yìn ọdún Iléyá. Kò mọ ohun tó rà. Ó pẹlẹbẹ bí àwọn yòókù tó tò sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ṣakí, àfi pé ojú kámẹ́rà kékeré méjì wà lókè rẹ̀, bí èèyàn bá sì yí i síbi tí oòrùn wà, dígí rẹ̀ a máa pààrọ̀ àwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, tó jókòó síwájú rẹ̀, ẹja pupa kan wẹ̀ jáde láti inú rẹ̀, ó sì dúró sínú afẹ́fẹ́ níwájú imú rẹ̀. Waheedat fa orí sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ láti mú un. Ọwọ́ rẹ̀ gba àárín ẹja náà kọjá, kò kan nǹkan kan.

Ó ti gbọ́ nípa irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n máa ń fi awò wò ní sinimá ló mọ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe èyí tí kò nílò awò rárá. Ó fi fóònù rẹ̀ wádìí rẹ̀ títí ó fi yé e. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ sì bi í bóyá àlùjànnú ló wà nínú nǹkan náà, ó ti ní èsì lẹ́nu.

"Àlùjànnú kọ́, Màmá," ni ó wí. "Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ wo òpó yẹn. Ẹ wá bo èkejì. Ṣé ẹ rí i bó ṣe dà bíi pé òpó yẹn sún díẹ̀? Ojú wa méjèèjì kì í rí ohun kan náà. Ọpọlọ ló ń pa wọ́n pọ̀, òun la fi ń mọ̀ pé nǹkan kan sún mọ́ wa, òmíràn jìnnà. Tẹlifíṣọ̀n yìí, dígí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sí ojú rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń la poro sí oko. Àwòrán méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Dígí yẹn ń darí ọ̀kan sí ojú ọ̀tún yín, ó ń darí èkejì sí ojú òsì. Kámẹ́rà òkè yìí ló ń ṣọ́ ibi tí ojú yín wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kan."

Ìyá eléèlùbọ́ jókòó, ó fẹ́ gbá ẹja náà mú, ọwọ́ rẹ̀ mófo, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá.

Ládòkun ni bàbá Waheedat. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì láti Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà náà. Kì í sáré, kì í mu ọtí, kì í bá èrò jà. Àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń jókòó ti ẹrù wọn ní gáréèjì títí yóò fi kàn án, wọ́n á ní mọ́tò Ládòkun làwọn fẹ́ wọ̀. Ṣùkúrù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Fàrídà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ mọ́tò wíwà nígbà èwe wọn, gáréèjì kan náà ni wọ́n sì ti ń gbé èrò títí di òní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èrò kò tètè pé, àwọn méjèèjì rìn wọ ṣọ́ọ̀bù Waheedat. Ṣùkúrù ló kọ́kọ́ jókòó. Bí ẹja náà ṣe wẹ̀ jáde, ó fa ara sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́ mọ́ ọn nínú afẹ́fẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó kàn ọ́," ni ó sọ fún Ládòkun.

Ládòkun jókòó. Ó wo tẹlifíṣọ̀n náà bí ẹni ń wo ògiri. Orí rẹ̀ kò yẹ̀ rárá.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?" Waheedat bi í.

"Mo rí i. Ẹja ni. Ó dára."

"Ẹ mú un."

Ládòkun na ọwọ́. Ìka rẹ̀ lọ títí ó fi dún lára dígí, kọ́. Àwọn tó dúró ń wò rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ rí, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń wá ẹja náà. Kò tíì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dé ara dígí.

Waheedat rò pé ẹ̀rọ náà ló ṣe é. Ó tún àga sún sí àárín, ó ní kí bàbá rẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀. Ó tún na ọwọ́. Kọ́. Ládòkun dìde, ó ní èrò òun ti ń dúró, ó sì jáde. Ṣùkúrù mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó tẹ̀lé e, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Waheedat jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Ẹja jáde. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan bó ṣe kọ́ ìyá eléèlùbọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹja náà padà sínú dígí, ó di àwòrán lásán, ó tẹ́ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ṣí ojú, ẹja jáde. Ó bò ó, ó padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí, ó sì rántí ìka bàbá rẹ̀ tó dún lára dígí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ bàbá rẹ̀. Ó rí i pé bí èèyàn bá gba ọwọ́ òsì bá a sọ̀rọ̀, gbogbo orí ló ń yí, bí àkùkọ. Ó rí i tó ń da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rìn yí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ká níbi tó gbé e sí níwájú ilé, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló kún fún ojú ibi tó ti ha nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ń jókòó sí gan-an nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò tó ń bọ̀ máa ń gbà kọjá.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó bá a níwájú ilé, ó ń fi ìgbálẹ̀ ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ fi ojú yín han dókítà."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ti òsì. Ó jọ pé kò ríran mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹja ọjọ́sí ni. Ẹni tí ojú kan ṣoṣo bá ń bá ṣiṣẹ́ kò lè rí i kó jáde."

Waheedat ti múra sílẹ̀ de ìbínú, ṣùgbọ́n Ládòkun kò bínú. Ó ha ẹrẹ̀ náà tán, ó gbé bàtà kan lé èkejì.

"Ó ti pẹ́," ni ó wí. "Ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí ni mo ti kíyè sí i. Ó dà bí ìgbà tí èéfín bo ẹ̀gbẹ́ kan. Kò dùn mí, n kò sì kà á sí."

"Ẹ sì ń wa mọ́tò."

"Ojú ọ̀tún mi ń ríran. Ọ̀nà yẹn, kí wọ́n di ojú mi méjèèjì, mo mọ ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà."

"Kòtò kì í rìn, Bàbá. Ọ̀kadà ń rìn."

Ládòkun ju ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀. "Waheedat, mọ́tò yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé gáréèjì, ta ni yóò tún wọ̀ ọ́? Kí ni kí n wá máa ṣe, kí n máa bá ìyá rẹ ra gaàrí ní Ìgànná? Ohun tí bàbá àti ọmọ bá jọ mọ̀, inú ilé ló ń gbé. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún ìyá rẹ pàápàá."

Waheedat ní òun ti gbọ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, ó fa àpò ìrẹsì bo tẹlifíṣọ̀n náà lórí. Ó sọ fún àwọn tó wá wo ẹja pé ó ti bàjẹ́.

Àṣírí náà wúwo fún un. Bí bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé láti Ìsẹ́yìn, kì í lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún bẹ Ládòkun títí, àmọ́ ohun tí ó ń sọ ni pé ó di ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà kan, Waheedat fẹ́ lọ gbé àwọn èèlò fóònù ní Ìsẹ́yìn, ó sì wọ mọ́tò bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn Ládòkun gan-an ló jókòó sí. Wọ́n kọjá Àgọ́ Àrẹ, wọ́n kọjá Òtù, ọkọ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn Òtù, lọ́rí kan tó kó èédú ń fà níwájú wọn. Ládòkun yí orí sí òsì bí ìṣe rẹ̀, ó sì yà jáde láti kọjá rẹ̀.

Ọ̀kadà kan ń bọ̀. Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn obìnrin náà. Waheedat ti rí i kí bàbá rẹ̀ tó yà. Ó rò pé bàbá òun náà rí i. Ìgbà tó fi mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò rí i, bọ́ọ̀sì ti wà lójú ọ̀nà ọ̀kadà náà. Ọlọ́kadà náà ló gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ó ya wọ inú koríko, ọ̀kadà dojú dé, obìnrin náà yí gbirigbiri sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

Ládòkun dá mọ́tò dúró. Ọmọ náà ń sunkún, kò fara pa. Ìgbọ̀nwọ́ obìnrin náà bó, orúnkún ọlọ́kadà náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí Ládòkun tó sọ ohunkóhun, àwọn èrò inú mọ́tò ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti yí ọlọ́kadà náà ká.

"Níbo lo ti yọ?" ni ìyá kan ń bi í. "O ò rí mọ́tò? Ládòkun nìyí o. Ládòkun kì í sáré."

"Ọtí ló mu," ni ẹlòmíràn wí.

Ọlọ́kadà náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà díẹ̀ ni, aṣọ oko ló wọ̀. Ó ṣe é bí ẹni tí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku níwájú Ládòkun.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ó wí. "N kò mọ̀ pé ẹ ti yà."

Waheedat ń retí kí bàbá rẹ̀ gbé e dìde, kó sọ pé òun lòun jẹ̀bi. Ládòkun ní, "Ọlọ́run ló yọ wá. Máa wo iwájú nígbà mìíràn." Ó padà sídìí ọkọ̀. Títí wọ́n fi dé Ìsẹ́yìn, àwọn èrò ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá ní bíréèkì. Kò wo dígí iwájú rẹ̀, tí ojú Waheedat wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí Waheedat padà sí Ṣakí, ilé Ṣùkúrù ló kọ́kọ́ yà. Ó bá a lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń lẹ táyà. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Ṣùkúrù bi í.

"Wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi."

"Wọ́n sì ní kí o má sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ṣùkúrù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. "Kí ló dé tí o kò gba ọ̀dọ̀ alága gáréèjì lọ?"

"Bí mo bá lọ, àwọn èèyàn á ní ọmọ bíbí inú Bàbá mi ló tú àṣírí wọn."

"Hùn." Ó ju àkísà náà sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn sàn díẹ̀. Dìde. Máa lọ sílé."

Ṣùkúrù lọ sọ ọ́ fún alága gáréèjì, ṣùgbọ́n alága náà kò fẹ́ dójú ti Ládòkun. Ó pè é wọ inú yàrá, ó ní kó lọ gba ìwé àyẹ̀wò ojú wá láti ọsibítù, kí ẹlòmíràn máa bá a wa ọkọ̀ rẹ̀ títí ìwé náà yóò fi jáde. Ládòkun bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló wá sọ ọ́. Ojú alága náà gba ojú fèrèsé lọ sí ibi tí Ṣùkúrù dúró sí.

Láti inú ṣọ́ọ̀bù ni Waheedat ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ ọ kó ròkè bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ládòkun dúró níwájú Ṣùkúrù láàárín gáréèjì, àwọn awakọ̀ àti èrò ti pé lé wọn lórí.

"Ìgbà wo ni o ti ń wo mọ́tò mi bẹ́ẹ̀?" ni ó ń wí. "Àwọn èrò mi ló wù ọ́, o ò sì lè sọ ọ́ lójú mi. O jẹun nílé mi, o sùn nílé mi, o wá lọ pè mí ní afọ́jú lẹ́yìn mi. Olójúkòkòrò ni ọ́, Ṣùkúrù. Látìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ni o ti ń jowú mi."

Ṣùkúrù káwọ́ sẹ́yìn. Ó rí Waheedat lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíákíá, kò sì wo ibẹ̀ mọ́.

"Lọ ṣe àyẹ̀wò ojú rẹ, Ládòkun," ni ó wí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn.

Waheedat mọ̀ pé ìgbà yẹn ló yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó padà wọlé, ó jókòó sẹ́yìn káńtà.

Òun àti Àwáwù, ìyá rẹ̀, ló mú Ládòkun lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan tan iná wo ojú méjèèjì, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Gilokómà ni wọ́n ń pe àrùn náà. Omi inú ojú ló ń fún ojú pa, tó ń jẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn.

"Ti òsì ti lọ, Bàbá," ni ó wí. "N kò ní purọ́ fún yín, kò ní padà. Ó ti mú ẹ̀bá ti ọ̀tún náà, ṣùgbọ́n oògùn ìkánsójú lè dá a dúró síbi tó dé, bí ẹ ò bá jẹ́ kí ó já. Mọ́tò wíwà ti parí."

Ládòkun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Àwáwù ń sọ pé ọpẹ́ ni, pé bí wọn kò bá lọ nísinsìnyí, méjèèjì ni ìbá lọ.

Awakọ̀ mìíràn ń wa bọ́ọ̀sì náà báyìí. Ládòkun ń jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀. Bí bọ́ọ̀sì náà bá ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, ó ń dá ìró rẹ̀ mọ̀, á sì máa sọ ohun tó ń ṣe é: kìlọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀, ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà. Kò dé gáréèjì mọ́. Bí òun àti Ṣùkúrù bá pàdé ní mọ́sálásí, á gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí Ṣùkúrù yóò fi kọjá. Nígbà tí wọ́n so yìgì Fàrídà, ọmọ Ṣùkúrù tí Ládòkun fún ní oyin tọ́ lá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, kò lọ. Ṣùkúrù gbé oúnjẹ ránṣẹ́. Ládòkun ní kí wọ́n dá a padà.

Ọjọ́ tí wọ́n dá oúnjẹ náà padà ni Waheedat sọ fún ìyá rẹ̀. Àwáwù ń jọ̀ gaàrí lọ́wọ́. Ó dá ajọ̀ dúró.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Bàbá Fàrídà sì gbà kí wọ́n bú òun láti ìgbà yìí?"

"Wọn kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni."

Àwáwù tún bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀ gaàrí rẹ̀. "N kò ní bá ọ wí nítorí èyí tí o sọ," ni ó wí nígbà tó yá. "Èyí tí o kò sọ ni kí o lọ sọ. Má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Waheedat lọ bá bàbá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ó lè rí òun.

"Bàbá, Bàbá Fàrídà kọ́ ló tú àṣírí yín. Èmi ni. Èmi ni mo lọ bá wọn nílé. Lẹ́yìn ọlọ́kadà Òtù ni."

Ẹnì kan kọjá lójú ọ̀nà, ó kí wọn, Waheedat nìkan ló dáhùn.

"O wà níbẹ̀," ni Ládòkun wí. "Ọjọ́ tí mo bú u. O wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Mo wà níbẹ̀."

"O sì ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́, Bàbá."

Ládòkun ní, "Lọ mú fìlà mi wá."

Ó dìde, ó mú ọ̀nà gáréèjì pọ̀n. Waheedat ń tẹ̀lé e. Nígbà tó fẹ́ di apá rẹ̀ mú níbi gọ́tà, ó já apá náà gbà. Ó fi ẹsẹ̀ wá etí gọ́tà náà fúnra rẹ̀, ó sì rékọjá.

Mọ́tò Ṣùkúrù ló ń gbé èrò lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ tó rí Ládòkun dìde láti kí i, ariwo gáréèjì sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ó lọ tààrà síbi fèrèsé Ṣùkúrù.

"Ṣùkúrù, mo ṣẹ̀ ọ́."

Ṣùkúrù wò ó, ó wo Waheedat lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ti sọ fún ọ."

"Ó sọ fún mi ní àárọ̀ yìí. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti bú ọ, ojú wọn náà ni mo fi ń sọ ọ́."

"Èrò ti fẹ́ pé," ni Ṣùkúrù wí. Ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Àyè kan ṣì kù níwájú. Ṣé o fẹ́ dé Ìsẹ́yìn? A ó kírun níbẹ̀."

Ládòkun rìn yí iwájú mọ́tò náà ká sí apá kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí ìtẹ̀sẹ̀. Ṣùkúrù jókòó sípò rẹ̀, kò bá a dá sí i, kò sì jẹ́ kí àwọn èrò kánjú, títí ó fi wọlé. Ládòkun kò wo ibi tí Waheedat dúró sí. Mọ́tò náà jáde, ó yí sí ọ̀nà Àgọ́ Àrẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ó jẹun, ó ń sọ fún Àwáwù pé Ṣùkúrù ti ń sáré jù, pé wọ́n ti di àwọn kòtò kan ní ìsàlẹ̀ Òtù, pé àwọn kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ ọlọ́kadà yẹn bí àwọn ṣe ń béèrè tó. Waheedat ń kó àwo kúrò nílẹ̀. Ó ti fẹ́ jáde nígbà tí Ládòkun pè é.

"Bàbá Fàrídà ní kí n kí ọ."

"Mo dúpẹ́, Bàbá."

Ó dúró bóyá nǹkan mìíràn yóò tẹ̀lé e. Ládòkun ti yí padà sí Àwáwù, ó ń bi í bóyá omi àlùwàlá wà nílẹ̀.